Gìtá onírin olókùn mẹ́jọ

Gìtá onírin olókùn mẹ́jọ jẹ́ oríṣi gìtá kan tí a máa ń gbé lé itan láti ta. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní lap steel guitar. Ẹni tó ń ta á kì í fi ìka tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ọ̀pá irin kékeré kan ló ń gbé lé orí okùn, tó ń yọ̀ ọ́ lọ tó ń yọ̀ ọ́ bọ̀, nígbà tí ọwọ́ kejì ń ta okùn láti mú kí ó dún. Okùn rẹ̀ ga kúrò lára ọrùn gìtá, nítorí náà àwọn ìlà tó wà lórí ọrùn náà kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n fi ibi tí ọ̀pá yóò dúró han ojú lọ.

Nítorí pé ọ̀pá gbọọrọ kan ṣoṣo ló ń kan gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kọ́ọ̀dù tí onígìtá lè rí dá wà lọ́wọ́ ohùn tí ó ti fún okùn kọ̀ọ̀kan kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ètò ohùn yìí ni a ń pè ní ìtò ohùn. Ìtò ohùn ló ń sọ bí okùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe nípọn tó. Bí okùn bá tín-ín-rín jù fún ohùn tí a fún un, yóò dẹ̀, yóò sì máa pariwo lábẹ́ ọ̀pá. Bí ó bá nípọn jù, yóò le koko, ó sì lè tẹ ọrùn gìtá.

Ìtàn

Erékùṣù Hawaii ni gìtá onírin ti ṣẹ̀. Joseph Kekuku, tí a bí ní ọdún 1874, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó gbé ọ̀nà ìta gìtá yìí kalẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó kúrò ní Hawaii lọ sí àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, ó ń ṣeré, ó sì ń kọ́ni. Ní ọdún 1932, ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá onírin tó ń lo iná mànàmáná, èyí tí George Beauchamp ṣe. Wọ́n sọ ọ́ ní Frying Pan nítorí pé ó jọ páànù tí a fi ń dín ẹyin. Ó wà lára àwọn gìtá oníná àkọ́kọ́ tí a tà lọ́jà.

Okùn mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ gìtá onírin ìgbà náà ní. Bí àwọn onígìtá ṣe ń wá kọ́ọ̀dù púpọ̀ sí i ni wọ́n ń fi okùn kún un, títí ó fi di méje àti mẹ́jọ. Jerry Byrd (1920–2005), ọmọ Ohio ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ìtò ohùn C6 di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní ọdún 1954, orin Webb Pierce tó ń jẹ́ Slowly, nínú èyí tí Bud Isaacs ti ta gìtá, mú kí gbogbo ayé mọ gìtá onírin ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn èyí tí a fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì rẹ̀ láti yí ohùn okùn padà bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́. Gìtá orí itan kò ní pẹ́dàlì. Ohun tí a bá tò sí i ṣáájú ni yóò bá wa dé òpin orin.

Ní Amẹ́ríkà bákan náà, gìtá onírin wọ ilé ìjọsìn àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti àwọn ọdún 1930 síwájú ni Troman Eason àti àbúrò rẹ̀ Willie Eason ti ń ta á nínú ìjọ House of God. Gìtá olókùn mẹ́jọ di ohun èlò ìsìn níbẹ̀. Àwọn onígìtá ìjọ náà ń fi ọ̀pá irin ṣe àfarawé ohùn oníwàásù àti ohùn akọrin.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Inú orin jùjú ni etí Yorùbá ti mọ ohùn gìtá onírin jù lọ. King Sunny Adé, tí a bí ní Òṣogbo ní ọdún 1946, ló mú un wọ inú orin náà. Kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ orin Moses Ọláìyá, ọmọ Iléṣà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ni ó ta gìtá onírin nínú ẹgbẹ́ African Beats. Ohùn rẹ̀ wà nínú àwo Juju Music tí ó jáde ní ọdún 1982 lábẹ́ Island Records, àti nínú Synchro System tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1983. Òun kan náà ni Paul Simon pè láti ta gìtá onírin nínú orin Graceland, tí ó jáde ní ọdún 1986 nínú àwo tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Gìtá ẹlẹ́sẹ̀ ni Adépọ̀jù lò. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀pá irin ń gbà sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ nínú méjèèjì, àti pé gìtá orí itan ni ó rọrùn jù láti rà, láti gbé kiri àti láti tún ṣe. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pá irin àti ohùn èdè Yorùbá

Ìdí tí gìtá yìí fi bá orin Yorùbá mu kò jìnnà. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí dò, re, mí. Ṣùgbọ́n ohùn wọ̀nyí kì í dúró lójú kan bíi bọ́tìnnì dùùrù. Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bí ó ti wà nínú ìwé, ohùn náà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀; bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ohùn òkè, bí ó ti wà nínú rárà, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ń pè wọ́n ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò.

Dùndún lè sọ ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ wọ̀nyí nítorí pé onílù ń fún ọṣán rẹ̀, awọ ń le, ohùn ń gòkè. Ó ń tú u sílẹ̀, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú Ìgbómìnà mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà-Ìgbómìnà, etí tó ti gbọ́ ìyáàlù níwájú ọba tàbí lẹ́yìn egúngún mọ irú ìyọ̀ ohùn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Gòjé, tí a ń gbọ́ nínú orin sákárà, náà lè yọ ohùn báyìí nítorí pé kò ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Gìtá lásán kò lè ṣe é tán, nítorí fẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gé ohùn sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pá irin ni ó dá ìyọ̀ ohùn padà fún gìtá.

Ìyàtọ̀ kan wà tí onígìtá gbọ́dọ̀ mọ̀. Dùndún kan ń sọ ohùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Gìtá olókùn mẹ́jọ lè gbé ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ̀ pọ̀. Bí ìtò ohùn kò bá dára, gbogbo okùn ni yóò ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ohùn okùn ṣe ń wáyé

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: gígùn rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, àti agbára tí a fi fà á, èyí tí a ó máa pè ní ìfà.

Gígùn tí a ń wí ni èyí tó wà láàrin afárá ìdí gìtá àti igi kékeré tó gbé okùn sókè lẹ́bàá àwọn èèkàn. Bí okùn bá gùn sí i, ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ sí i. Íǹṣì 22.5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 57, ni ó wọ́pọ̀ lórí gìtá orí itan. Gìtá Stringmaster tí ilé iṣẹ́ Fender ṣe ni a rí ní íǹṣì 22.5, 24.5 àti 26.

Bí okùn bá wúwo sí i, ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà ni a fi ń fún ohùn ìsàlẹ̀ ní okùn tó nípọn. Okùn lásán jẹ́ irin kan ṣoṣo. Okùn wíwé ni èyí tí a fi wáyà tín-ín-rín wé irin àárín rẹ̀, kí ó lè wúwo láìgan.

Bí a bá fa okùn sí i, ohùn rẹ̀ yóò gòkè. Láti gbé ohùn okùn kan sókè ní ààbọ̀ ohùn kan, ìyẹn àlàfo fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan, ìfà rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a kò bá fẹ́ kí ìfà yí padà, ìnípọn okùn ni a ó dínkù ní nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin kékeré yìí ni ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ jù nígbà tí ó bá fẹ́ yí ìtò ohùn padà.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ púpọ̀. Bí okùn òkè bá ń já lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé okùn tó nípọn sí i ni ojútùú rẹ̀. Àwọn mìíràn a lọ ra èyí tó tín-ín-rín sí i. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Okùn irin lásán tó nípọn ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ìfà púpọ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti dé ohùn kan náà. Èyí tó tín-ín-rín kò nílò ìfà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára púpọ̀. Gígùn okùn ló ń pinnu ohùn tí yóò já sí. Ohùn G tó wà ní òkè C6 kò ní ewu lórí gìtá íǹṣì 22.5, ṣùgbọ́n lórí íǹṣì 26 ó ti súnmọ́ ibi jíjá. Ẹni tó ní gìtá gígùn yẹ kí ó yan ìtò ohùn tó rẹlẹ̀ sí i.

Àwọn ìtò ohùn tó wọ́pọ̀

Ìtò ohùn pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀. Láti okùn òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni a kọ wọ́n síhìn-ín.

C6: G, E, C, A, G, E, C, A. Ohùn mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, a kàn tún wọn kà lẹ́ẹ̀mejì ni. Ọlá rẹ̀ ni pé kọ́ọ̀dù méjì fara pamọ́ sínú ara wọn: G, E àti C jẹ́ C major, E, C àti A jẹ́ A minor. Onígìtá lè bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì láìgbé ọ̀pá kúrò níbi tó wà. Ó bá orin tó ní kọ́ọ̀dù púpọ̀ mu.

A6: E, C♯, A, F♯, E, C♯, A, F♯. Ìlànà kan náà ni pẹ̀lú C6, ṣùgbọ́n ó fi ààbọ̀ ohùn mẹ́ta rẹlẹ̀. Ó bá gìtá gígùn mu, ó sì bá orin tó wà ní A, D tàbí E mu, tí àwọn onígìtá lásán fẹ́ràn.

Ìtò major: èyí kò ní ju ohùn kọ́ọ̀dù major kan lọ, bí A, C♯ àti E, tàbí E, G♯ àti B, tí a tún kà lé ara wọn títí okùn yóò fi pé. Òun ni ó rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń kún etí. Àléébù rẹ̀ ni pé kọ́ọ̀dù minor kò sí nínú rẹ̀ rárá; ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá ọ̀pá ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ó lè kan okùn méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ó ta okùn méjì péré.

Fún orin jùjú, níbi tí gìtá onírin ti ń dáhùn gbolóhùn akọrin àti ti ìlù, C6 tàbí A6 ni ó fún ènìyàn láyè jù. Èwo nínú méjèèjì? Ohùn akọrin ni kí ó pinnu rẹ̀. Ó dára kí ibi tí ọ̀pá yóò máa wà jù lọ bọ́ sí àárín ọrùn gìtá, kí àyè wà láti yọ̀ lọ sókè àti sísàlẹ̀. Lórí gìtá íǹṣì 22.5, àlàfo fẹ́rẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.2, nígbà tí ó bá fi máa di fẹ́rẹ́ẹ̀tì kejìlá, ó ti dínkù sí sẹ̀ǹtímítà 1.7. Àṣìṣe ọwọ́ kékeré tí etí kò ní kà sí nísàlẹ̀ yóò hàn gbangba lókè.

Yíyan ìnípọn okùn

Àwọn tó ń ṣe okùn ń ka ìnípọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì: okùn 12 jẹ́ íǹṣì 0.012, ìyẹn mìlímítà 0.30. Ohun tí à ń wá ni pé kí ìfà gbogbo okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ọ̀pá lè jókòó lé wọn lórí láìtẹ ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìfà láàrin kílógíráàmù 10 sí 12 fún okùn kọ̀ọ̀kan dára. Ètò yìí ṣiṣẹ́ fún C6 lórí gìtá íǹṣì 22.5:

Okùn 1: ohùn G, 392 Hz, ìnípọn 12, lásán, ìfà kg 11.7
Okùn 2: ohùn E, 330 Hz, ìnípọn 14, lásán, ìfà kg 11.2
Okùn 3: ohùn C, 262 Hz, ìnípọn 18, lásán, ìfà kg 11.7
Okùn 4: ohùn A, 220 Hz, ìnípọn 20, lásán, ìfà kg 10.2
Okùn 5: ohùn G, 196 Hz, ìnípọn 26, wíwé, ìfà kg 11.6
Okùn 6: ohùn E, 165 Hz, ìnípọn 30, wíwé, ìfà kg 11.1
Okùn 7: ohùn C, 131 Hz, ìnípọn 38, wíwé, ìfà kg 10.8
Okùn 8: ohùn A, 110 Hz, ìnípọn 46, wíwé, ìfà kg 11.0

Bí a bá ro ìfà wọ̀nyí pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílógíráàmù 90. Àpò ìrẹsì méjì tó wúwo ní kílógíráàmù 50 kọ̀ọ̀kan ni kí a fi wé e, ó kù díẹ̀ kó pé. Bí a bá so okùn kan náà mọ́ gìtá íǹṣì 24.5, tí a sì tò ó ní ohùn kan náà, ìfà yóò fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Lórí íǹṣì 26 yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé, yóò sì tó kílógíráàmù 120. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ṣe àdàkọ ètò okùn ẹlòmíràn láìwọn gígùn gìtá tiwa.

Fún A6, bí a bá lo okùn C6 láìyí i padà, ìfà yóò dínkù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, okùn yóò sì dẹ̀. Kí a fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìnípọn kọ̀ọ̀kan ni ojútùú rẹ̀: 12 yóò di 14, 14 yóò di 17, 46 yóò sì di bíi 54.

Lílo àpò okùn gìtá lásán

Àpò okùn tí a ṣe fún gìtá onírin olókùn mẹ́jọ kò wọ́pọ̀ lọ́jà Nàìjíríà, ṣùgbọ́n okùn gìtá oníná olókùn mẹ́fà wọ́pọ̀. Oríṣi àpò méjì tó gbajúmọ̀ ni èyí tó ní 10, 13, 17, 26, 36 àti 46, àti èyí tó ní 11, 14, 18, 28, 38 àti 49. Láti inú méjèèjì, a lè yan okùn mẹ́jọ fún C6 báyìí: 11, 14, 17, 18, 26, 28, 38 àti 46. Okùn kẹrin, tí í ṣe 18 ní ohùn A, ni yóò dẹ̀ jù, nítorí ìfà rẹ̀ kò ju kílógíráàmù 8.3 lọ, bí a bá rí okùn 20 ẹyọ kan rà, kí a fi rọ́pò rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni yóò ṣẹ́ kù, tí 10 àti 13 inú wọn lè dúró fún okùn òkè tó bá já lójijì lóde eré.

Kí a ṣọ́ra fún okùn gìtá tí kì í lo iná. Wáyà idẹ ni a sábà fi ń wé okùn ìsàlẹ̀ wọn, mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn lára gìtá oníná kì í sì í gbọ́ idẹ dáadáa. Okùn òkè yóò máa ké, ti ìsàlẹ̀ yóò sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Okùn ọ̀rá kò wúlò rárá lórí gìtá yìí.

Títò àti ìtọ́jú

Kí a má ṣe tú gbogbo okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí a máa yọ, kí ọrùn gìtá má baà yí ipò padà lójijì. Okùn tuntun máa ń nà fún ìgbà díẹ̀. Kí a rọra fi ọwọ́ fà á, kí a tún un tò, títí yóò fi dúró.

Ẹ̀rọ tí a fi ń tò gìtá ń fún wa ní ohùn tó bá dùùrù mu, ṣùgbọ́n lórí gìtá onírin, ohùn E inú C6 máa ń mú kí kọ́ọ̀dù gbọ̀n bí a bá fi í síbi tí ẹ̀rọ wí gẹ́lẹ́. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ààbọ̀ ohùn kan, kọ́ọ̀dù náà yóò dákẹ́ jẹ́jẹ́. Etí ni kí ó ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ gbígbóná orí pèpéle ń mú irin nà, ohùn á sì wálẹ̀. Ọyẹ́ ń gbẹ igi gìtá àti awọ ìlù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà ó yẹ kí a tún gìtá tò lẹ́yìn tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lóde eré, kí a sì fi ohùn rẹ̀ wé ti àwọn yòókù kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Òógùn ọwọ́ ń mú okùn dípata. Aṣọ gbígbẹ tí a fi nù ún lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan ń mú kí ó pẹ́. Okùn tó ti dípata kì í yọ̀ dáadáa lábẹ́ ọ̀pá, ariwo rẹ̀ a sì bo ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ tí a torí rẹ̀ yan gìtá onírin.